Ọwọ́ Tí Ó Wẹ Ìjàpá

Ní agboolé Alákàá ní Èrúwà, ìjàpá kan wà tí ọmọdé kì í fi ṣeré. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe Ìbílọlá ní kàyéfì nìyẹn. Níbi gbogbo tí ó ti gbé rí, bí ìjàpá bá fi lè yọ orí sí àgbàlá, àwọn ọmọ a ti dà á dojú dé, wọn a ti gbé òkúta lé e lẹ́yìn, wọn a sì máa pàtẹ́wọ́ fún un kí ó jó. Níhìn-ín, àwọn ọmọ a sáré yípo ilé títí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ìtòsí igi ìyeyè tí a so ẹranko náà mọ́, ariwo wọn a lọ sílẹ̀, wọn a rọra yí okùn rẹ̀ ká. Àwọn àgbà pàápàá kì í dá okùn náà kọjá. Okùn òwú dúdú ni, ó gba inú ihò kan létí ìkarahun, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí ihò náà fi ń dán bí eyín. Àgbà Ilé ni wọ́n ń pe ìjàpá náà.

Oníṣègùn-ẹran ni Ìbílọlá. Ìjọba ni ó gbé e wá sí Èrúwà ní ọdún 1986, láti máa bójú tó màlúù, ewúrẹ́ àti adìẹ agbègbè Ìbàràpá. Ọkọ rẹ̀, Japheth, ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Adébùkọ́lá, wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń parí, Ìbílọlá a wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìbàdàn. Bí ó bá sì di pé kí ó padà, Bùkọ́lá a di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú títí bàbá rẹ̀ yóò fi já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ìwé ìṣínipò tí yóò dá a padà sọ́dọ̀ ọmọ yìí nìkan ni Ìbílọlá ń retí láyé.

Ẹni tí ó mú kí ìrètí náà ṣeé fara dà ni Hàlímọ̀, ọmọ onílé. Gàrí ni Hàlímọ̀ ń yan. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, síbẹ̀ kò tíì lọ́kọ. Ní òjò àkọ́kọ́ tí Ìbílọlá lò nílùú náà, nígbà tí ibà dè é mọ́ ẹní, Hàlímọ̀ ni ó ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, òun ni ó ń fọ aṣọ tí òógùn rẹ̀ rin. Láti ìgbà náà ni Ìbílọlá ti gbà pé ọ̀rẹ́ ń bẹ tí ó sàn ju ọmọ ìyá lọ. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé e ni pé Hàlímọ̀ kì í bá a dé Ìbàdàn. Yóò sìn ín dé ibùdókọ̀, yóò sì dúró síbẹ̀.

“Ta ni yóò fún Àgbà Ilé lómi?” ni ó máa ń wí.

“Ìwọ àti ìjàpá yìí! Ṣé ó ti gbé iṣu ìdána wá ni?”

Hàlímọ̀ a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ mú gidigidi ní ọdún kejì ni kòkòrò bo ìjàpá náà. Láti òkèèrè, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan wọ́n erukuru osùn sí i lára. Bí ènìyàn bá súnmọ́ ọn, a rí i pé erukuru náà ń rìn. Ìbílọlá lóṣòó tì í, ó fa awò rẹ̀ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yọ, ó gbé e lé ojú. Wọ́n kún inú ìṣẹ́po awọ ọrùn, wọ́n kún abẹ́ itan, wọ́n tò sí ojú ìpàdé ìkarahun bí èrò tí ó tò síwájú ilé ìwòsàn. Amùjẹ̀ pupa, tí kò tó orí abẹ́rẹ́.

“Hàlímọ̀, ti adìẹ nìwọ̀nyí.”

“Báwo?”

“Kòkòrò ara adìẹ ni. Wọn kì í gbé ara ìjàpá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rí ẹja lórí igi.”

“Ẹ̀yin náà ẹ mọ adìẹ ilé wa,” ni Hàlímọ̀ fèsì. “Wọn ò mọ ibi tí a kì í sùn.”

Ìbílọlá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí tí ìmọ̀ gbé ka iwájú rẹ̀, ìfẹ́ ni ó fi gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Hàlímọ̀ kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tọ́jú ẹranko náà. Kò bẹ̀ ẹ́ rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé bí Ìbílọlá bá ti ibi iṣẹ́ dé, a wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá ààrò gàrí pé, “Kò jẹun lónìí o.” Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ní, “Ó fi orí gbo ògiri títí.” Kàkà kí kòkòrò náà sì dín kù, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí ìwé ìṣínipò dé nígbẹ̀yìn, tí ayọ̀ kún inú Ìbílọlá dé ọ̀fun, ó wò yíká, ó ń wá oore tí òun lè fi dágbére fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Kí n tó lọ,” ni ó wí, “jẹ́ kí n bá ọ wẹ Àgbà Ilé. Màá wò ó sàn.”

Ajọ̀ gàrí bọ́ lọ́wọ́ Hàlímọ̀.

“Ẹ ní kí ni?”

“Mo ní kí n bá ọ wẹ̀ ẹ́.”

“Ṣé láti inú ọkàn yín ni? Èmi ò bẹ̀ yín o.”

“Ta ní ní o bẹ̀ mí?”

“Ẹ tún un wí, Ìyá Bùkọ́lá.” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. “Ẹ jọ̀wọ́. Ẹ tún un wí kí n gbọ́ ọ dáadáa.”

Àwàdà ni Ìbílọlá pè é. Ó gbé ọwọ́ sáyà bí ẹni tí ń búra nílé ẹjọ́, ó sì tún un wí.

Kò lo omi apakòkòrò tí àwọn darandaran fi ń wẹ màlúù. Awọ ọrùn ìjàpá yóò mu oró náà, yóò sì pa á. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ó pò. Ó mú òwú, ó mú àdín tí yóò fi dí ojú ìpàdé ìkarahun, kí amùjẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ má rí èémí mí. Ó ń fa ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́ nígbà tí Hàlímọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká.

“Ẹ bọ́ ọ. Òórùn rọ́bà ń dẹ́rù bà á. Yóò kó orí wọlé, ẹ ò sì ní rí ọrùn rẹ̀ tọ́jú.”

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ìbílọlá bọ́ ìbọ̀wọ́.

Kò sí ìjàpá tí a fọwọ́ kàn tí kì í sá wọlé. Èyí kò sá. Ó na ọrùn títí ọrùn fi tán, ó gbé àgbọ̀n lé àtẹ́lẹwọ́ Ìbílọlá, ó sì pa ojú dé. Àgbọ̀n náà gbóná. Nínú ọyẹ́, ní òwúrọ̀, ó gbóná bí àgbọ̀n ọmọ ènìyàn tí ibà ń ṣe. Ìbílọlá sọ fún ara rẹ̀ pé omi ni. Ó nu ọrùn, ó nu itan, ó fi òwú tí ó we mọ́ igi tín-ínrín tọ gbogbo ojú ìpàdé, omi inú abọ́ ń pọ́n. Bí ó ti ń nu èyí tí ó kẹ́yìn ni nǹkan kan ta á lábẹ́ egungun ìhà, wáí, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gba inú aṣọ kọjá tí ó sì fa òwú tẹ̀lé e.

“Kí ló ṣe yín?”

“Ẹ̀gbẹ́ ló fún mi.”

“Yóò mọ́ yín lára,” ni Hàlímọ̀ wí. Ó sì gbé ẹsẹ̀, ó dá okùn dúdú náà kọjá, ó lọ sí yàrá rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ara ìjàpá jọ̀lọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, Hàlímọ̀ ní òun ń lọ sílé ọkọ, sọ́dọ̀ Búrẹ́mọ̀, oníṣòwò awọ ní Ìlọrin tí ó ti ń tọrọ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Kò sí ẹni tí ó sun ẹkún ìyàwó. Ìyá rẹ̀, arúgbó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Mùkáílà, ti ìlẹ̀kùn mọ́ orí. Ìbílọlá nìkan ni ó gbé ẹrù sìn ín dé ibùdókọ̀, ó ń yọ̀ fún un.

“Ẹ foríjì mí,” ni Hàlímọ̀ wí, omijé ń bọ́.

“Nítorí kí ni? Ìwọ tí ò ń lọ sílé ọkọ!”

“Ẹ ṣáà foríjì mí.”

“Mo ti foríjì ọ́, aláwàdà. Lọ bí ìbejì, kí o pọ̀n wọ́n wá kí mi.”

Ọkọ̀ náà lọ. Ìbílọlá juwọ́ títí. Orí Hàlímọ̀ kò yí padà.

Nígbà tí ó kan òun náà láti lọ, Ìbílọlá ra dùndú fún Bùkọ́lá, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó létí fèrèsé. Ohun tí ó rántí kò pọ̀: eruku, ẹ̀rín àwọn èrò, afárá ibodè Èrúwà tí ó yọ níwájú, àti nǹkan kan tí ó fà á lábẹ́ ìhà. Lẹ́yìn èyí, ó bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ igi ìyeyè. Igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjàpá ń mu nínú rẹ̀. Oòrùn ti kan àtàrí. Eruku ọ̀nà ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

Ọjọ́ kejì ni awakọ̀ gbé àpò rẹ̀ wá.

“Ìyá, ara ti yá báyìí?”

“Kí ló ṣe mí?”

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀. “Ẹ ò rántí? Bí a ṣe fẹ́ gun afárá lẹ dìde. Ẹ ní omi ẹnìkan ti tán nílé. A bẹ̀ yín títí.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ojú yín wà ní pípadé, Ìyá. Ní pípadé lẹ fi sọ̀kalẹ̀, ní pípadé lẹ fi ń rìn lọ.”

Ìbílọlá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gun alùpùpù gba ọ̀nà Igangan, bóyá ibẹ̀ kò ní afárá. Ìdí igi ìyeyè ni ó tún ti lajú. Nígbà náà ni ó kan ìlẹ̀kùn Ìyá Mùkáílà.

Arúgbó náà ń tẹ tẹ̀sùbáà. Kò gbé orí sókè.

“Ta ló wẹ Àgbà Ilé?”

“Èmi ni, Ìyá.”

“Ó bẹ̀ ọ́?”

“Kò bẹ̀ mí. Èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi.”

“Àṣítàgafúrúláì.” Tẹ̀sùbáà dúró. “Ẹni tó tẹ ilé yìí dó ló so ó mọ́bẹ̀. Ohun tó fi dè é, àwa ò mọ̀ ọ́n. Ohun tá a mọ̀ ni pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. A kì í fipá múni, a kì í bẹni. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda, tó sì fọwọ́ lásán tọ́jú rẹ̀, ó ti gbà á nìyẹn, yóò sì wà níbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi gbà á. Ọmọdé ni Hàlímọ̀ nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà náà, ń ṣe bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ọmọ náà ní, ‘Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é.’”

“Kí ló dé tí ìyẹn ò gbà á padà?”

“Ó kábàámọ̀, ó padà wá, ó wẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Àgbà Ilé ò gbà á. Ẹni tó bá ti jáde, ó ti jáde.”

Ìbílọlá di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. “Ẹ sì mọ̀, Ìyá? Nígbà tí mo ń bá a gbé ẹrù, ẹ mọ̀?”

“Ọmọ mi ni,” ni arúgbó náà dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Ìbílọlá jáde. Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ó fà á lọ sẹ́yìn ààrò gàrí, níbi tí ilẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ti ń fẹ́. Ìkòkò kan wà níbẹ̀ tí a fi awẹ́ igbá dé. Ó ṣí i. Koríko ìtẹ́ adìẹ ni ó kún un, pẹ̀lú ìyẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń rìn, pupa, pupa, pupa. Lórí koríko àtijọ́ ni a tẹ́ tuntun sí, lórí tuntun ni a tẹ́ òmíràn sí. Hàlímọ̀ ti ń sin wọ́n bí ẹni ń sin ẹran ọ̀sìn, ó ń fi ọwọ́ bù wọ́n dà sára ìjàpá kí àánú lè ṣe ẹnìkan.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú eérú. Kì í ṣe okùn abẹ́ ìhà ni ó dùn ún jù. Ẹ̀kọ tí a fi ṣíbí bu sí i lẹ́nu nígbà ibà ni ó ń rò. Ṣé ọ̀rẹ́ ni ó ń bọ́ ọ nígbà náà, àbí ẹran? Láti ìgbà wo? Gbogbo ìrántí dáadáa tí ó ní ní Èrúwà ni ó yí padà nínú rẹ̀, tí ó ń kan.

Japheth wá. Ó gbàdúrà, ó háyà ọkọ̀ kékeré, ó jókòó ti aya rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó dì í mú. Ní ẹsẹ̀ afárá, ọkọ̀ ń sáré lọ́wọ́, Ìbílọlá pa ojú dé, ó fi agbára tí kì í ṣe tirẹ̀ já ara rẹ̀ gbà, ó ṣí ìlẹ̀kùn. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ó kú. Japheth kò dán an wò mọ́. Ó ń mú Bùkọ́lá wá kí ìyá rẹ̀ ní ìsinmi, Ìbílọlá sì ń bójú tó ẹran àwọn ará ìlú, ó ń bu omi fún èyí tí ó wà lábẹ́ igi. Nígbà mìíràn àlejò a yá yàrá nínú agboolé, ọ̀dọ́bìnrin aláàánú kan a dúró wo ìjàpá náà, a ní, “Ẹ̀yà, ó mà ṣe o!” Ìbílọlá a jágbe mọ́ ọn kí ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Wọ́n ń pè é ní òǹrorò. Ó gbà. Òun kì í ṣe Hàlímọ̀.

Ọyẹ́ kan dé tí ibà tún dá a dùbúlẹ̀. Kò lè wẹ ẹranko náà, adìẹ ilé sì ń sùn níbi tí ó wù wọ́n. Àárín àìsàn yìí ni Japheth mú Bùkọ́lá dé. Ọmọ náà ti ga. Japheth ní òun ń lọ ra oògùn, Ìbílọlá sì sùn lọ díẹ̀ lórí ẹní tí ó tẹ́ síta fún oòrùn.

Ohùn ọmọ rẹ̀ ni ó jí i.

“Màámi, kòkòrò pọ̀ lára rẹ̀ o.”

“Kúrò níbẹ̀, Bùkọ́lá.”

“Ara yín ò yá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú rẹ̀, kí ẹ lè sinmi.”

Kí Ìbílọlá tó dìde, ọmọ náà ti na ìka méjì, ó ti rọra ṣa ẹyọ amùjẹ̀ kan kúrò lọ́rùn ìjàpá. Ọrùn náà sì ń gùn bọ̀, ó ń wá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ìbílọlá fò dé ibẹ̀. Ó gbá ọmọ náà létí, ìgbájú tí ó gbé e ṣubú. Kò nà án rí láyé. Bùkọ́lá kò kọ́kọ́ sunkún. Ó la ẹnu, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ó ń wo àjèjì.

“Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Ta ní bẹ̀ ọ́? Mo ní ta ní bẹ̀ ọ́?”

Japheth wọlé pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Mú un lọ. Nísinsìnyí. Má mú un wá síbí mọ́ láyé.”

“Ìbílọlá, ọmọ rẹ nìyí!”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn.”

Ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ lọ, ọwọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ìbílọlá jókòó, ó ń bá ara rẹ̀ rojọ́. Ẹyọ kan péré ni. Kò wẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó mí kanlẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè rọ̀, èémí náà sì wọlé, ó wọlé, ó dé ìsàlẹ̀ ibi tí kò tíì dé láti ìgbà tí Hàlímọ̀ ti lọ. Ó fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀. Kò sí ohun kan níbẹ̀. Kò sí ohun kan tí ó ń fà á.

Ó ké, ó sì sáré. Ó dá alùpùpù kan dúró lójú títì, ó ní kí ó máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ Ìbàdàn. Nígbà tí afárá yọ, ó pa ojú dé, ó gbàdúrà, ó bẹ okùn náà pé kí ó fa òun, kí ó fa òun, kí ó fa òun jábọ́. Ìró ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí padà lórí afárá. Ó tún yí padà. Wọ́n ti kọjá afárá.

“Ìyá, níbo ni ká dúró sí?”

Ọkọ̀ èrò ti dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà níwájú, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àwọn èrò ń pariwo. Japheth wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ibi tí ọmọ náà ti já ara rẹ̀ gbà ń ṣẹ̀jẹ̀. Láàárín títì, aṣọ ìsinmi lára, ipa ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì pọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, Bùkọ́lá ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́.

Ojú rẹ̀ wà ní pípadé.

“Bùkọ́lá!” Ìbílọlá ya apá méjèèjì dí ọ̀nà fún un. “Bùkọ́lá, èmi ni.”

Ọmọ náà yà fún un, bí a ti ń yà fún igi tí ó wó sójú ọ̀nà, ó sì gun afárá lọ sí Èrúwà. Ìyá rẹ̀ dúró ní ìhà Ìbàdàn, kò sí ohun kan tí ó dì í mú.